Magic Knight Rayearth lórí Saturn: géèmù tó kẹ́yìn dé, àti bí a ṣe ń yẹ ẹ̀dà rẹ̀ wò

Oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni Magic Knight Rayearth tó dé orí àtẹ ní Amẹ́ríkà. Nígbà yẹn, ọjà Sega Saturn, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi gbá géèmù náà, ti dẹnu kọlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ti ń da sídì Saturn sínú agbọ̀n gbànjo, Dreamcast tó fẹ́ gbapò rẹ̀ sì ti jáde ní Japan láti ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá. Lẹ́yìn Rayearth, kò sí géèmù kankan tó tún jáde fún Saturn lábẹ́ àṣẹ Sega ní Àríwá Amẹ́ríkà. Òun ló kádìí rẹ̀.

Ẹ wo kéèsì rẹ̀ títí, ẹ kò ní rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ̀dà àkànṣe ni, tàbí pé iye báyìí ni wọ́n tẹ̀. Síbẹ̀, láàárín àwọn tó ń kó géèmù anime (eré àwòrán tó ń rìn ti Japan) àtijọ́ jọ, ó wà lára àwọn tí owó wọn ga jù lórí Saturn, owó yẹn ló sì ń fa àwọn oníṣẹ́ ayédèrú mọ́ra. Ìbéèrè méjì ni ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pa méjèèjì pọ̀. Ṣé ojúlówó ni ẹ̀dà yìí? Ṣé ara rẹ̀ le? Àyẹ̀wò tó ń dáhùn ọ̀kan kì í dáhùn ìkejì, ibẹ̀ gan-an ni owó olùkójọ ti máa ń bọ́ sómi.

Bí ọdún mẹ́ta ṣe kọjá

CLAMP, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ayàwòrán ní Japan, bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà nínú ìwé ìròyìn Nakayoshi ní 1993. Ilé iṣẹ́ TMS sọ ọ́ di anime. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 1994, ó sì parí ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá 1995, apá 49 lápapọ̀. Sega gbé géèmù Saturn jáde ní Japan ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1995, nígbà tí àwọn ọmọdé ṣì ń jókòó ti anime náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni, Hikaru, Umi àti Fuu. Wọ́n wà ní Tokyo Tower nígbà tí agbára kan gbé wọn lọ sí ilẹ̀ Cephiro, kí wọ́n lè wá gba Ọmọba Emeraude sílẹ̀. Nínú géèmù, láti òkè ni a ti ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rìn. Bọ́tìnnì kan ló ń pààrọ̀ ẹni tó ṣáájú. Hikaru ní idà, Umi ní idà tẹ́ẹ́rẹ́, Fuu ní ọrun àti ọfà. Àwòrán rẹ̀ mọ́, àwọ̀ rẹ̀ dán, kò sì sí ohun tó fi hàn pé ó ti pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Working Designs, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Redding, California, tí Victor Ireland ń darí, ló gba iṣẹ́ yíyí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà tí Saturn ṣì jẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Ohun tó dá a dúró kò jẹ́ ẹyọ kan. Àwọn tó fẹ́ gbé anime náà wá sórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ní èrò tiwọn nípa orúkọ tí àwọn ọmọbìnrin náà yóò máa jẹ́, àríyànjiyàn lórí ẹ̀tọ́ orúkọ yìí sì fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, apá kan lára kóòdù géèmù náà sọnù, ó di dandan kí wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ bí ìyẹn ṣe rí lára: gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n yí, gbogbo ìwọ̀n lẹ́tà, gbogbo ohùn tí wọ́n tún gbà sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ padà wọ inú kóòdù náà kó tó di géèmù, kóòdù ọ̀hún kò sì pé. Ní 1997, àárín Working Designs àti Sega ti Amẹ́ríkà tún dàrú, ilé iṣẹ́ náà sì ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ PlayStation. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, wọn kò pa Rayearth tì. Wọ́n parí rẹ̀ nígbà tí èrè ti kúrò nínú rẹ̀, ó sì yẹ ká yìn wọ́n fún un.

Ìdádúró yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Kò sí ọlọ́jà tó máa kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sídì ẹ̀rọ tó ń kú lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà iye tó jáde kò pọ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Páálí ńlá tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn olùkójọ ní Japan, èyí tí wọ́n ń pè ní shokai gentei, ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á ló tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òmíràn kò tiẹ̀ ya ọ̀rá ara rẹ̀. Rayearth ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rà á ní 1998 rà á láti gbá a ni. Wọ́n gbá a, wọ́n yá ọ̀rẹ́, wọ́n gbé kéèsì rẹ̀ jù sórí àga. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà tó mọ́ fi ṣọ̀wọ́n ju ẹ̀dà lásán lọ, tí ìyàtọ̀ owó láàárín méjèèjì fi pọ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀dà pípé

Kéèsì Saturn ti Amẹ́ríkà ga, ó sì nípọn, ó ju kéèsì sídì orin lọ dáadáa. Ìwé atọ́nà máa ń wọ abẹ́ ìdérí iwájú, pépà aláwòrán kan máa ń wà ní ẹ̀yìn tó yí dé ẹ̀gbẹ́ kéèsì, sídì 1 sì wà nínú. Nọ́ńbà ọjà Working Designs lórí Saturn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T-127, ó sì parí pẹ̀lú lẹ́tà H. Nọ́ńbà ara sídì àti ti pépà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹ bá rí GS- níwájú nọ́ńbà, ti Japan ni ẹ̀dà yẹn. Kéèsì kékeré bíi ti sídì orin ló ní, pẹ̀lú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn olùkójọ ń pè ní obi. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti Amẹ́ríkà, ohùn àwọn òṣèré anime náà gan-an ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Japanese, tí kì í sì í ṣe ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá, kí ló fẹ́ fi owó gọbọi ṣe?

Ojú mẹ́ta ni sídì ti Amẹ́ríkà ní: ọ̀kan gbé àwòrán Hikaru, ọ̀kan ti Umi, ọ̀kan ti Fuu. Ohun kan náà ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí sídì tiyín bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rí nínú fọ́tò ẹlòmíràn, ẹ má fi ìyẹn pè é ní ayédèrú.

Kí ẹ tó sanwó

Fọ́tò méje ni kí ẹ béèrè: iwájú kéèsì, ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú sídì, ẹ̀yìn sídì lábẹ́ iná tó ti ẹ̀gbẹ́ tàn, agbègbè òrùka inú sídì ní tòsí, àti ìwé atọ́nà tí wọ́n ṣí sí àárín níbi tí pín-ìn-nì wà. Iná tó ti ẹ̀gbẹ́ tàn ṣe pàtàkì. Iná tó kọjú sí sídì tààrà máa ń bo ìbó, ìyẹn ojú ibi tí nǹkan ti ha sídì, mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹtàjà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òǹtàjà tó bá ní òun kò lè ya ẹ̀yìn sídì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀yìn sídì. Fàdákà ni ti ojúlówó. Àwọ̀ ewé, búlúù tàbí àwọ̀ àlùkò jẹ́ ti sídì tí wọ́n kọ nílé. Ní etí ìta pátápátá, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí dídán rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù. Òun ni àmì ààbò tí Saturn máa ń wá kó tó gbà láti ka sídì, ẹ̀rọ tí à ń fi kọ sídì nínú kọ̀ǹpútà kò sì lè kọ nǹkan kan síbẹ̀. Agbègbè tó yí ihò àárín ká gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀sídì tẹ̀ sí i. Bí ó bá gbòfo pátápátá, ìfura wà níbẹ̀.

Nígbà tó bá dé ọwọ́

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn sídì kí ẹ máa wò láti ojú aláwòrán. Bí ẹ bá rí ihò bí ojú abẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, fàdákà inú sídì ti ṣí níbẹ̀. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù ìbó ẹ̀yìn sídì ju ti ojú rẹ̀ lọ, òdì kejì ló sì tọ́. Ike tó wà lẹ́yìn nípọn tó mílímítà 1.2, ó sì ń dáàbò bo ìsọfúnni. Ojú tó ní àwòrán ni ìsọfúnni sún mọ́ jù, lábẹ́ ìpele ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán. Ìbó tó jin níbẹ̀ ti gé fàdákà náà, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Ìbó fẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn sídì ṣeé bó dànù pẹ̀lú ẹ̀rọ ìdánsídì. Ó ń ha díẹ̀ kúrò lára ike náà ni, nítorí náà kí ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ̀ẹ̀kan bá ti tó. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn èèyàn máa ń fi ra sídì kì í ṣe oògùn. Yanrìn kíkúnná inú rẹ̀ máa ń fi ìbó kéékèèké rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ nù ún, aṣọ rírọ̀ tí kì í já fọ́nrán ni kí ẹ lò, láti àárín lọ sí etí ní ìlà tààrà. Ẹ má yí i po. Ìsọfúnni inú sídì lọ ní yíyí bí ìkarahun ìgbín: ìbó tó gé e níbùú, ẹ̀rọ lè ṣe àtúnṣe ìwọ̀nba tó sọnù, àmọ́ ìbó tó bá ipa ọ̀nà rẹ̀ lọ máa ń pa ìsọfúnni tó tẹ̀ léra wọn run, àtúnṣe kì í sì í ká a.

Lẹ́yìn sídì, ó ku bébà. Ibí yìí ni iṣẹ́ ayédèrú pọ̀ sí, nítorí pé ìwé atọ́nà àti pépà ẹ̀yìn rọrùn láti tún tẹ̀ ju sídì lọ. Gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 tó fún iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé gidi máa ń fi àwọn àmì tóótòòtó hàn tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìtànná kékeré. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń tu yíǹkì máa ń fi àmì tó fọ́n ká láìlétò sílẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà dúdú kékeré pẹ̀lú. Nínú ojúlówó, yíǹkì dúdú kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi tẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ á gé gaara. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà kí wọ́n tó tún un tẹ̀, àwọ̀ mìíràn á máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà náà.

Ìgbà yìí ni àyẹ̀wò lórí ẹ̀rọ kàn. Saturn ti Amẹ́ríkà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú wò ló dára jù. Kí ojú ihò kátíríìjì ṣófo. Mo tún un sọ: kí ó ṣófo. Kátíríìjì Pseudo Saturn Kai lè mú kí ẹ̀rọ tí wọn kò fọwọ́ kàn ka sídì tí wọ́n kọ nílé, nítorí náà fídíò òǹtàjà tó fi hàn pé géèmù ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ ẹ̀rí bí kò bá fi ojú ihò kátíríìjì hàn. Bí ojú ihò náà bá ṣófo tí géèmù sì bẹ̀rẹ̀, òrùka ààbò wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fídíò ìbẹ̀rẹ̀ parí, ẹ gbá a títí dé ibi tí ẹ ti lè fi ibi tí ẹ dé pamọ́, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tan án padà, kí ẹ sì tún wọlé síbẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn ti dáhùn. Ìkejì ṣì wà nílẹ̀, torí pé wákàtí kan péré lẹ gbá nínú géèmù, sídì náà sì lè bàjẹ́ níbi tí ẹ kò tíì dé. Kọ̀ǹpútà ló máa dáhùn èyí. Sídì Saturn ṣeé kà nínú awakọ̀ sídì lásán (CD drive). Ẹ jẹ́ kí ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin sínú fáìlì, kí ẹ ṣírò àmì SHA-1 tàbí MD5 rẹ̀, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, kí ẹ sì fi wé èyí tí àwọn ará Redump, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ sídì géèmù lórí ayélujára, kọ sílẹ̀ fún géèmù náà. Bí ó bá bá a mu lẹ́tà sí lẹ́tà, kò sí ohun kan tó sọnù lórí sídì náà. Bí kò bá bá a mu, ẹ nù ún, ẹ tún un kà, kí ẹ sì gbìyànjú awakọ̀ mìíràn kí ẹ tó dá sídì lẹ́bi. Àmọ́ ẹ má fi SHA-1 jẹ́rìí pé ojúlówó ni. Sídì tí wọ́n dà kọ nílé láti inú ojúlówó lè ní àmì kan náà.

Ẹ̀rọ àti iná

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà ju ẹlòmíràn lọ. Iná 120 fọ́ọ̀tì ni Saturn ti Amẹ́ríkà ń lò, ti Japan ń lo 100. Bí ẹ bá ki èyíkéyìí nínú wọn bọ iná 220 sí 240 fọ́ọ̀tì wa, páwà inú rẹ̀ á jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra step-down, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù. Èyí tó jẹ́ 100 wáàtì tó ó lò, ó sì tún ṣẹ́kù. Kí ẹ wọn iná tó ń jáde lára rẹ̀ kí ẹ tó so Saturn mọ́ ọn, nítorí pé ti ọjà tòkunbọ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ẹni tó wà ní London tí Saturn ti Yúróòpù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣòro mìíràn: ẹ̀rọ náà kò ní gba sídì Amẹ́ríkà. Kátíríìjì Action Replay 4M Plus máa ń ṣí ọ̀nà yẹn, àmọ́ ojú ihò kátíríìjì Saturn kì í pẹ́ ṣe wàhálà. Ẹ fi ọtí isopropyl nu ojú irin kátíríìjì náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ sì tì í wọlé gbọọrọ láìyí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ìrántí inú Saturn tí Rayearth ń lò kò ju 32 KB lọ, bátìrì CR2032 ló sì ń gbé e ró. Ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kékeré tó wà ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí Saturn bá ń béèrè èdè àti aago ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan án, bátìrì ti kú, gbogbo ohun tí ẹ fi pamọ́ sì ti bá a lọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí kátíríìjì ìrántí.

Ẹni tó ń bẹ̀rù kí sídì má gbó lè lo Satiator, tó ń wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, tàbí Fenrir, tó ń gba ipò awakọ̀ sídì. Méjèèjì ń gbá géèmù láti inú káàdì ìrántí. Fáìlì tí ẹ kà láti fi ṣe àyẹ̀wò náà lẹ máa lò, sídì á sì sinmi nínú kéèsì.

Kéèsì àti ìtọ́jú

Kéèsì ni ohun tó kọ́kọ́ máa ń kú. Ó wúwo, ike rẹ̀ le láìrọ̀, ibi ìdè ìdérí rẹ̀ sì tín-ín-rín; ìṣubú kan péré tó láti là á. Sega kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n tí àwọn olùkójọ ń dá ni pé wọ́n á ra géèmù bọ́ọ̀lù Saturn ti Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n á sì yọ kéèsì rẹ̀ lò. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn, bí ẹ bá ti máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ bẹ òǹtàjà kó fi fóòmù rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín sídì àti ìdérí kó tó fi ránṣẹ́. Sídì tó bá yọ kúrò ní àárín kéèsì lójú ọ̀nà á máa gbọ̀n kiri láti Amẹ́ríkà títí dé ẹnu ọ̀nà yín. Páálí nínú páálí ni kó wà, pẹ̀lú ìtìmù tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 yí i ká.

Nílé, kí ó dúró lóòró, kó má sùn, kí oòrùn má sì dé ibẹ̀ rárá. Ọ̀rá polypropylene ni kí ẹ fi bo kéèsì, ẹ má lo èyí tí wọ́n fi PVC ṣe, tó máa ń dà mọ́ ohun tó bò bí ọdún bá ti gorí ọdún. Ọ̀tá ńlá ní etí òkun bíi Èkó ni ọ̀rinrin, torí ìwé atọ́nà máa ń hu èbu kí sídì tó ní ìṣòro kankan. Àpótí ike tó ní ìdérí dídì, tó gba lítà 20, pẹ̀lú silica gel bíi 100 gíráàmù àti ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, á ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní nǹkan bí 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá kọjá 60, ẹ kó silica gel náà jáde kí ẹ sì yan án gbẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ọyẹ́ náà ní tirẹ̀: bí ọ̀rinrin bá lọ sílẹ̀ jù, bébà á ká, gọ́ọ̀mù ìwé á sì gan.

Ó ku ẹ̀dà tí ọ̀rá rẹ̀ kò tíì ya, èyí tí owó rẹ̀ ga ju gbogbo wọn lọ. Kò sí ìkankan nínú àyẹ̀wò tí a ti sọ tí a lè ṣe lórí rẹ̀. Ọ̀rá ṣeé tún dì, ẹ̀rọ tó ń dì í kò sì wọ́n. Bí ẹ bá gbé e mì tí sídì sì ń dún nínú rẹ̀, ó ti yọ kúrò ní àyè rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dá a padà láì ya ọ̀rá. Ẹni tó ń wá ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó ti ní Hikaru àti Umi, tó wá ku Fuu, kó lọ ra ẹ̀dà tí wọ́n ti ṣí, tó rí fọ́tò sídì rẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n dì pa kò ní sọ èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀.